Èédú tí eérú bò kò tíì kú: bí iná èédú àti iná gáàsì ṣe ń gbóná tó

Bí ẹ bá gba Mọ́níyà kọjá nírọ̀lẹ́, tàbí ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Akanran, ẹ kò ní í rìn jìnnà kí òórùn bọ̀ọ̀lì, àgbàdo sísun, ẹja àti sùyà tó kàn yín. Ẹlòmíràn ń lo àgbá tí wọ́n là sí méjì, ẹlòmíràn ń lo ríìmù ọkọ̀ tí wọ́n jó ẹsẹ̀ mọ́. Nínú ilé ńkọ́? Gáàsì wà níbẹ̀, àpò èédú náà kì í sì í jìnnà, torí pé ọjọ́ tí owó gáàsì bá ti ga ju agbára lọ, èédú ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń padà sí.

Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ ni pé, báwo ni iná méjèèjì yìí ṣe ń gbóná tó? Èwo ló gbóná ju èkejì lọ? Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn lásán ni. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ yóò mọ bí ẹran ṣe ń jiná dénú láìjóná lẹ́yìn. Yóò mọ ìdí tí èédú fi ń tètè tán lọ́wọ́ ẹnì kan tó sì ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, yóò mọ ìdí tí èédú tó dà bí ẹni pé ó ti kú fi lè pa odidi ìdílé mọ́jú.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Òwe gidi ni. Ṣùgbọ́n nídìí àdògán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú ṣe ẹ̀rí pé iná ti kú.

Ìwọ̀n ooru ní ṣókí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Omi ń hó ní nǹkan bíi 100 dígírì Celsius. Bó ti wù kí iná pọ̀ tó lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ lásán, níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ náà kò ní í fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju 100 yìí lọ. Omi á kàn máa fà ni. Nítorí náà, ẹni tó ń fi kún iná lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà tó ti ń hó, owó ló ń jó. Kó dín iná kù, kó dé ìkòkò, ẹ̀wà yóò jiná náà ni.

Epo pupa àti òróró yàtọ̀ sí omi. Bí epo bá ti ń rú èéfín lórí iná, ó ti kọjá 200 dígírì. Tó bá kọjá nǹkan bíi 350, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ iná kàn án rárá.

Èédú tó pọ́n dáadáa máa ń wà láàárín 700 sí 900 dígírì. Tí a bá ń fẹ́ ẹ, ó lè kọjá 1,000. Iná gáàsì ló wá ga jù: níbi tó ti gbóná jù nínú ọwọ́ iná tó ń jó búlúù, ó lè súnmọ́ 1,900 dígírì.

Ṣé gáàsì ló borí nìyẹn? Ó gbóná jù lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kò ní kó sun ẹran yá ju èédú lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó, a ó sì tú u.

Kí ló wà nínú èédú?

Púpọ̀ nínú èédú tí à ń lò ní àgbègbè Ìbàdàn ń wá láti Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá. Àwọn tó ń ṣe é máa ń to igi jọ, wọn á fi ewé àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọn á wá ti iná bọ inú rẹ̀. Nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò tó nǹkan, igi náà kò lè jó di eérú. Omi inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà èéfín. Nígbà tí ooru inú òkìtì náà bá ti dé nǹkan bíi 400 sí 500 dígírì, ohun dúdú tó fúyẹ́ ni yóò ṣẹ́kù. Èédú nìyẹn. Ó lè gba igi bíi kílò 5 sí 7 kí kílò kan èédú tó jáde, ìdí sì nìyí tí igbó fi ń fẹ́ lọ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Nítorí pé èéfín ti jáde tán lára rẹ̀, èédú kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ahọ́n iná, ńṣe ló ń pọ́n. Ooru inú kílò kan èédú tó ìlọ́po méjì ti kílò kan igi gbígbẹ. Ti kílò kan gáàsì sì tún fi bí ìdajì ju ti èédú lọ.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá. Ẹ wo obìnrin tó ń sun àgbàdo bó ṣe ń ju abẹ̀bẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ẹ, èédú á pọ́n sí i. Kò fi èédú kún un o, afẹ́fẹ́ ló fi kún un. Ohun kan náà ni alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì ṣe. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, kọ̀wé nípa iléru kan tí wọ́n ti ń yọ irin ní Ola-Igbi, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Èédú ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò ìdí iléru wọlé, láti fa irin jáde lára òkúta. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ooru bíi 1,200 dígírì. Ohun tó yọ irin fún àwọn baba wa náà ló ń sun bọ̀ọ̀lì fún wa lónìí. Afẹ́fẹ́ nìkan ló fi ìyàtọ̀ sí i.

Ẹ tún lè fi ojú díwọ̀n rẹ̀:

- Èédú tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé inú òkùnkùn nìkan lẹ ti lè rí i: bíi 500 sí 600 dígírì.
- Èédú tó pọ́n bí ata rodo: bíi 700 sí 800.
- Èédú tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń dà bí èèpo ọsàn tó pọ́n: bíi 900 sí 1,000.
- Èyí tó ń lọ sí yẹ́lò tàbí funfun: ó ti kọjá 1,100, ti àgbẹ̀dẹ nìyẹn.

Ẹ padà wo ìlà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Èédú lè gbóná tó 500 dígírì lójú oòrùn ọ̀sán, kó sì dúdú tàbí kí eérú bò ó, bí ẹni pé kò sí iná lára rẹ̀ rárá. Ọmọdé tó bá gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ.

Kí ló dé tí èédú fi ń sun ẹran yá?

Ẹ rántí bí onísùyà ṣe máa ń gún igi sùyà rẹ̀ yí iná ká. Ẹran ò kan iná, iná ò kan ẹran, síbẹ̀ ó ń jiná. Ooru tó ń ta jáde lára èédú pípọ́n ló ń bá ẹran níbi tó wà, bí ti oòrùn ṣe ń bá wa láti òkè. Èédú pípọ́n ní irú ooru yìí lọ́pọ̀lọpọ̀.

Iná gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ iná búlúù yẹn gbóná púpọ̀, àmọ́ ooru tó ń ta kiri láti ara rẹ̀ kéré. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń lò, èyí tó ń gòkè lọ, tó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sá lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ta ẹran àti adìyẹ sísun fi máa ń lo ẹ̀rọ ìsunran oní-gáàsì tó ní irin pẹlẹbẹ tàbí òkúta lórí iná náà. Irin tàbí òkúta yẹn ni yóò gbóná, òun ni yóò wá máa ta ooru sára ẹran bí èédú ṣe ń ṣe.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ooru sí ibi tí ẹran wà gan-an, lórí irin ìsunran gáàsì ó sábà máa ń jẹ́ 200 sí 300 dígírì. Ti èédú sábà máa ń wà láàárín 250 sí 370, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá ń fẹ́ ẹ tàbí tí àwọ̀n irin bá súnmọ́ ọn jù. Gáàsì borí nínú ọwọ́ iná, èédú sábà máa ń borí lára ẹran.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ìkòkò, gáàsì ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Lórí àdògán èédú lásán, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ooru ló ń wọ inú ìkòkò, afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyókù lọ. Ti gáàsì máa ń tó ìdajì. Ẹ̀yin tí èédú ń tán lọ́wọ́ yín kíákíá, ẹ fi nǹkan dí ojú ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ìkòkò sì bo ojú àdògán dáadáa.

Bí ẹ ṣe lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n

A kò ní láti ra ẹ̀rọ. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sí òkè àwọ̀n irin náà, kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 jìnnà sí i, ìyẹn ni pé kó ju gígùn ìka àárín yín lọ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ tàbí apá gèlè súnmọ́ ibẹ̀ o. Ẹ wá rọra máa kà: oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Bí ẹ bá ní láti fa ọwọ́ kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3, iná náà le, ó ti kọjá 230 dígírì. Ó dára fún ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń tètè jiná. Bí ọwọ́ bá lè dúró fún 4 tàbí 5, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni, bíi 180 sí 200, ó dára fún bọ̀ọ̀lì, àgbàdo àti ẹja. Tó bá dúró tó 7 sí 10, ooru náà ti rọlẹ̀ sí bíi 150 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé itan adìyẹ sí, kó lè fara balẹ̀ jiná.

Ẹ má sì gbé oúnjẹ lé èédú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ahọ́n iná. Ẹ fún un tó ìṣẹ́jú 20 sí 30, títí tí eérú funfun fẹ́lẹ́ yóò fi bò ó. Ìgbà yẹn ni ooru rẹ̀ dọ́gba jù. Ẹ rí i báyìí pé èédú tí eérú bò ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń dúró dè. Kò kú, iṣẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Jíjóná kì í ṣe jíjiná

Adìyẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà létí eegun rẹ̀, kò tíì jiná. Inú ẹran adìyẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé 74 dígírì kí àwọn kòkòrò àìsàn inú rẹ̀ tó kú. Iná tó le jù á jó ẹ̀yìn kí ooru tó dénú. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ kó èédú jọ sí apá kan àdògán, kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹran sí apá tó le kó lè pọ́n, kí ẹ wá sún un sí apá kejì kó jiná dénú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá náà tún wà níbẹ̀. Bí ọ̀rá ẹran bá ń kán sínú èédú, èéfín tó ń rú padà bá ẹran ní àwọn nǹkan olóró nínú. Àjọ tó ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ka ọ̀kan nínú wọn, benzo[a]pyrene, mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ sùyà mọ́. Ẹ yọ ọ̀rá tó pọ̀ kúrò, ẹ gbé àwọ̀n irin ga díẹ̀, kí ẹ sì gé ibi tó bá ti di èédú dànù.

Ewu tí kò ní òórùn

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fetí sí jù rèé. Èédú kì í rú èéfín púpọ̀, èyí sì máa ń tan èèyàn jẹ. Bó ṣe ń pọ́n, tí eérú ń bò ó, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ń ta ojú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, á gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí wà. Orí á máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ẹlòmíràn á sì rò pé ibà ni. Ẹni tó bá ti sùn kò ní mọ ohunkóhun títí ẹ̀mí fi máa bọ́.

Nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, àwọn kan máa ń gbé àdògán èédú wọ yàrá kí wọ́n lè yá iná, wọn á sì ti fèrèsé pa. Àwọn kan á ní, "Ó ti fẹ́ẹ̀ kú tán, eérú ló kù." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Èédú tí eérú bò ṣì ń tú afẹ́fẹ́ yẹn jáde, títí tí yóò fi tutù pátápátá. Jẹnẹrétọ̀ nínú ilé tàbí lábẹ́ fèrèsé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùsìn adìyẹ ní Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. A mọ̀ pé èédú lẹ fi ń mú kí ara òròmọdìyẹ móoru. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 32 sí 35 dígírì ni wọ́n nílò, ẹ ó sì máa dín in kù ní nǹkan bíi 3 lọ́ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń kó jọ mọ́ra wọn nídìí iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí i, ooru ti pọ̀ jù. Àmọ́ bí ẹ bá fi tapólì bo ilé adìyẹ pa pátápátá nítorí òtútù, afẹ́fẹ́ olóró náà yóò pọ̀ níbẹ̀, yóò pa òròmọdìyẹ, ó sì lè pa ẹni tó bá sùn tì wọ́n. Ẹ fi ojú àyè sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ jáde, ẹ gbé àdògán jìnnà sí ìyẹ̀fun pákó tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn síbẹ̀.

Èéfín ìdáná lápapọ̀ kì í ṣe ohun kékeré. WHO sọ pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ inú ilé látara ìdáná pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri àgbáyé ní ọdún 2020 nìkan.

Eérú alẹ́ àná

Èédú tó wà lábẹ́ eérú lè gbóná títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá dà á sórí ààtàn láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, atẹ́gùn tó bá fẹ́ sí i yóò ṣe iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún un, koríko gbígbẹ á sì gbà á. Bí oko kòkó tàbí oko pákí ṣe lè jóná nìyẹn. Ẹ rọra wọ́n omi sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ojú jìnnà nítorí oru rẹ̀ ń jó ni, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún wọ́n omi. Bí kò bá sí omi, ẹ kó o sínú nǹkan onírin tó ní ìdérí. Ẹ má kó o sínú ike tàbí àpò.

Tí ẹ bá ń lo gáàsì

Iná gáàsì tó dára búlúù ni. Bó bá ń jó yẹ́lò, tó ń kun ìdí ìkòkò dúdú, afẹ́fẹ́ kò wọlé tó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nu ojú rẹ̀. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn tó bá jò. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n fi sí i kí ẹ lè mọ̀ ni. Ọṣẹ tí ẹ pò mọ́ omi ni kí ẹ fi yẹ rọ́bà rẹ̀ wò, kì í ṣe ìṣáná. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn náà, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á. Ẹ ti gáàsì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ jáde.

Ẹ̀yin tó ń dín àkàrà lórí gáàsì, tí ẹ tún ń sun ẹja lórí èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jìnnà síra wọn. Bí òróró bá sì gbiná nínú agbada, ẹ má da omi sí i. Ẹ pa iná ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ìdérí bò ó.

Bí iná bá jó èèyàn

Omi tó gbóná tó 60 dígírì péré lè bó àgbàlagbà lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, ti ọmọdé yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ó tó wú, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti pàjáwìrì, nọ́ńbà 615 ni ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ní alẹ́ òní, lẹ́yìn tí ẹ bá sun ẹja yín tán, kí ẹ tó wọlé lọ sùn, ẹ gbé àdògán sí ìta. Ẹ na ọwọ́ sí òkè eérú rẹ̀ bí a ṣe júwe rẹ̀ lókè yìí. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ooru, iná ṣì wà níbẹ̀.